Ọkọ̀ Ìṣeré Lórí Ibojì Ìyá Yín

Bọ́láwùmí ọmọ mi,

Ọjọ́ kejì Àjíǹde ni ìyá yín kú. Oṣù mẹ́ta ti kọjá. Mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ ní Kàdúná. Orúnkún ń dùn mí. Oògùn tó o fi ránṣẹ́ ti tán. Tíṣà Ẹ̀ríolúwa ló ń bá mi kọ èyí.

Kọ́lájọ àbúrò rẹ ti Èkó dé. Ọkọ̀ ojú omi ìṣeré tí wọ́n ń fi rìmóòtù darí ló gbé wá. Afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Bó bá ti sáré, imú rẹ̀ á gbéra, á dojú dé. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń sún bátìrì inú rẹ̀ síwájú, kó lè dúró ire lórí omi. Ibojì ìyá rẹ̀ lẹ́yìnkùlé ló fi ṣe tábìlì.

Ó ní, "Bàámi, ibí yìí mà fì sápá kan o. Kò jẹ́ kí n mọ̀ bóyá ọkọ̀ dọ́gba."

Òjò ti wọ́ yẹ̀pẹ̀ abẹ́ sìmẹ́ǹtì lọ. Mo ní, "O wá rí i."

Ó ní, "Mo rí i, bàámi." Ló bá ki páálí bọ abẹ́ ọkọ̀, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà rí mi lára.

N kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Bí mo bá lanu, èpè ni yóò jáde. Olúwa á dá ọmọ sí fún ọ. Ìwọ ni àkọ́bí: àbúrò rẹ nìyẹn, ibojì ìyá rẹ nìyẹn. Mo ti kó méjèèjì lé ọ lọ́wọ́.