Iṣẹ́ Tí Wọn Ò Ti Fẹ́ Onídùúró

Ẹ̀gbọ́n mi Àbdùlsàmàd,

Ẹ kú òtútù Kánádà o. Màmá ń kí yín. Orúnkún wọn ti fúyẹ́, àmọ́ oògùn ti tán.

Mo ríṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú. Ẹ mọ̀ pé gbogbo ibi iṣẹ́ l'Ékòó ló ń béèrè onídùúró. Àmọ́ ní ilé-iṣẹ́ yìí, ẹni tó mú onídùúró wá ni ọ̀gá ń lé. Ó bi mí pé, "Ta ló máa wá ẹ tó ò bá délé?"

Màmá ti bú mi láàárọ̀, inú ṣì ń bí mi. Mo ní, "Kò sẹ́nì kankan."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ gan-an là ń wá. Máa bọ̀ lọ́jọ́ Ajé."

Mi ò rí òṣìṣẹ́ kankan níbẹ̀, àfi bàtà wọn lẹ́nu ọ̀nà.

Mo máa lọ, torí oògùn yẹn. Ẹ dákun, ẹ pè mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé. Bí mi ò bá gbé fóònù, ẹ sọ fún Màmá pé irọ́ ni mo pa fún ọ̀gá yẹn pé kò sẹ́ni tó máa wá mi, kí wọ́n máa wá mi bọ̀.

Ọlọ́run á ṣọ́ wa.

Àbúrò yín,
Fàrídà