Oko Rere, Ọkọ Rere

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo mọ̀ pé ọjọ́ náà ti ju mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n n kò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ti lọ ní ọdún kan gbáko. Ara mi fúyẹ́ lónìí, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ̀wé sí yín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ìwé ètò ìsìnkú yín, èmi ni mo bà á jẹ́. Kọ̀ǹpútà tí mo gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé wa n'Ìbarà, tí ẹ máa ń pè ní tẹlifíṣọ̀n tí kì í ka ìròyìn, òun ni mo fi tẹ̀ ẹ́. Ẹ rántí pé ètò tó ń darí rẹ̀, èyí tí mo rà pọ̀ mọ́ ọn l'Ékòó, kò mọ̀ ju lẹ́tà Òyìnbó lọ. Kò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní ṣ. Bí a bá tẹ ìwé Yorùbá tán, ẹ ó wọ gíláàsì, ẹ ó mú gègé yín, ẹ ó sì máa fi àmì sídìí lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ahọ́n yín á yọ síta díẹ̀ bíi ti ọmọdé tó ń kọ́ ìwé. Mo máa ń bínú. Mo ní ta ló ń wo ìdí lẹ́tà? Ẹ ó kàn ti tàdáwà sún mọ́ mi. Èmi náà á tì í padà.

Nígbà tí ẹ wá lọ, kò sí ẹni tí yóò fi àmì sí i. Ẹkún kò jẹ́ kí n lè di gègé mú. Mo ní àwọn èèyàn á mọ ohun tí mò ń wí. Ibi tí Ìyá ní kí n kọ ‘ọkọ rere’ sí lábẹ́ àwòrán yín, ‘oko rere’ ló jáde. Ẹ̀yin tí ẹ sá kúrò ní Wásinmi nítorí pé ẹ kò fẹ́ roko. Àbúrò yín ọkùnrin kà á sókè nínú ṣọ́ọ̀ṣì bí ó ṣe rí i, ó sì wo ojú Ìyá. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá kò bá mi wí, ṣùgbọ́n ó ki ìwé náà bọ abẹ́ Bíbélì, kò sì fi han àlejò kankan. Ṣé ẹ rí i níbi tí ẹ wà? Ṣé ó dùn yín?

Mo kọ̀wé sí àwọn tó ta ètò náà fún mi. Wọ́n fi sùúrù dáhùn pé irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kò sí nínú rẹ̀, àti pé kò sáyè fún ẹnikẹ́ni láti tú u. N kò lè bá wọn jà. Ètò wọn dára. Bí mo bá tan kọ̀ǹpútà, wọ́ọ́rọ́wọ́ ló ń jí, bó bá sì kọṣẹ́, ẹnìkan á wá láti Èkó. Ṣùgbọ́n ilé tí a háyà ni. Ayálégbé kì í wó ògiri.

Rẹ̀mí, ọmọ ẹ̀gbọ́n yín obìnrin, tó ń kọ́ni ní ìṣirò ní Papalanto báyìí, ló gbé ètò mìíràn wá, nínú díìsìkì mẹ́rin. Àwọn kan lókè òkun ló kọ ọ́, wọ́n ní ẹni tó bá wù kó gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, kó tú u wò, kó tún un ṣe. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi láti fura sí ọ̀fẹ́. Bí wọ́n bá fún yín níṣu, ẹ ó yí i wò lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó dúpẹ́. Èmi náà yí i wò. Nígbà tí a fi sí i, ọ̀sẹ̀ méjì ni kọ̀ǹpútà fi yadi. Kò sí ẹni tí a lè pè, ọjọ́ ìrántí yín sì ti ń kanlẹ̀kùn. Ọjọ́ tí mo fẹ́ dá ètò àtijọ́ padà, Rẹ̀mí di ọwọ́ mi mú.

“Àǹtí, ẹ fara balẹ̀. Èyí ò ní àgádágodo. Ibi tí wọ́n ti ń ya lẹ́tà, a máa débẹ̀.”

A débẹ̀ lóòótọ́. A mú lẹ́tà tí Yorùbá kì í lò, a tún wọn yà: q di ẹ, x di ọ, z di ṣ (ọwọ́ ni mo fi kọ àwọn mẹ́ta àtijọ́ yẹn sínú lẹ́tà yìí). N kò ju ètò àkọ́kọ́ nù o, òun ni mo ṣì fi ń kọ lẹ́tà Òyìnbó fún àwọn ará ọ́fíìsì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbàgbé láti pààrọ̀ rẹ̀, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Felix wá di Feliọ. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Mo wo àga yín kí n tó rántí pé ẹ ò sí níbẹ̀.

Lọ́jọ́ ìrántí yín, mo gbé ìwé tuntun fún Ìyá. Ó wọ gíláàsì yín, torí tirẹ̀ ti fọ́, ó fi ìka tọ abẹ́ àwòrán náà. Ó pẹ́ lórí àmì méjèèjì.

“Ó ti padà di ọkọ mi,” ló wí.

Ó fa ti àkọ́kọ́ yọ lábẹ́ Bíbélì, ó ní kí n lọ fi dáná. Bàbá, ọkàn mi balẹ̀. N kò mọ̀ pé mo ti gbé ẹrù yẹn pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ foríjì mí nítorí tàdáwà tí mo máa ń tì padà. Kọ̀ǹpútà náà ni mo fi tẹ lẹ́tà yìí, òun ló sì fi àmì sí gbogbo rẹ̀. Orúkọ tí mo fi pe ara mi nísàlẹ̀ yìí nìkan ni mo tẹ̀ láìní àmì. Gègé yín ni mo fi fi àmì sí i, ahọ́n mi sì yọ síta díẹ̀.

Èmi ni,
Ọmọ yín.