Wúfà Tó O Fi Ránṣẹ́ Lé Ìyá Rẹ Jáde

Ọmọ mi àkọ́bí, ọ̀gá àwọn ará ìgboro,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí èrò gbé ọ mì. Tèmi, ara le koko bí ọta, orúnkún nìkan ló ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ kó kúrò nílé.

Mo ti so wúfà, ẹ̀rọ agbóhùnsókè tó o rà, mọ́ ọkọ̀ fúnra mi, láìpe rewáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, gbogbo àdúgbò sì tú jáde wá jó. Ó dáa, kì í ṣe gbogbo àdúgbò. Aládùúgbò wa kan ló yọjú, ó sì ní kí ló ń rùn bí rọ́bà tó ń jóná.

Ṣé o rántí pé táyà ni mo ní kó o rà? O ò jẹ̀bi. Ọlọ́gbọ́n ọmọ ló mọ̀ pé ọkọ̀ tí ò bá lè rìn, ó yẹ kó lè pariwo. A dúpẹ́.

Bó o ṣe là á sílẹ̀ lórí fóònù ni mo ṣe é, àfi ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ ò ti bọ́gbọ́n mu. O ní kí n kọ́kọ́ tú orí bátìrì. Ta ní ń bẹ́ orí ẹni tó fẹ́ rán níṣẹ́? Wáyà pupa gba inú fíùsì lọ sídìí ampilifáyà tó máa bu agbára fún wúfà, ìyẹn yé mi. Ṣùgbọ́n o ní kí n ha ọ̀dà ara ọkọ̀ títí irin á fi hàn, kí n de wáyà dúdú mọ́ ọn. Ọ̀dà tí mo kùn lọ́dún tí wọ́n bí ọ! Mo lo ọgbọ́n àgbà, mo dè é mọ́ tìmùtìmù àga awakọ̀, ṣebí inú ọkọ̀ kan náà ni gbogbo wọn wà. Ampilifáyà ò tanná, wúfà ò húkọ́.

Ìyá rẹ, tó gbọ́ gbogbo ohun tó o sọ lórí fóònù, dúró tì mí, ó ní ṣé tìmùtìmù lọmọ òun pè ní irin ni. Ó ní kí n tú orí bátìrì kí n tó tún fọwọ́ kàn án. Mo bi í pé ọ̀dọ̀ rewáyà wo ló ti kọ́ṣẹ́. Ibi tí mo ti ń bá a jiyàn ni wáyà pupa ti já bọ́ lu irin, iná ta gbàà, ó lá ìdajì irùngbọ̀n mi. Fíùsì kú, ampilifáyà yè.

Ìyá rẹ ti kó lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ o, ó ní òun ò lè gbénú ariwo. Wo ohun tí wúfà rẹ fà! Èmi ni mò ń dáná, ìkòkò tó ti jó ju èyí tó kù lọ. Jọ̀ọ́, wá bá mi bẹ̀ ẹ́.

Fi owó fíùsì ránṣẹ́, àti ti rewáyà gidi, àti ti táyà, kí n lè wakọ̀ lọ gbé e. Má fi sí báǹkì. Ọmọbìnrin tó wà ní kàǹtà ibẹ̀ ń bi mí lórúkọ ilé bàbá ìyá mi, àfi bíi pé ó fẹ́ fẹ́ mi, ọ̀rọ̀ ìyàwó kan ṣoṣo ò sì tíì tán lọ́rùn mi.

Ilẹ̀kùn tó o bá kàn, kó ṣí kó o tó fèjìká tì í. Ọmọ tìrẹ náà á ra ohun tó ò ní kó rà fún ọ. Àmín. Èmi bàbá rẹ ni.

Ṣùgbọ́n tó o bá dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ, má ṣe bẹ̀bẹ̀ nítorí wúfà. Látọjọ́ tí wúfà yẹn ti dé, kò tíì fọhùn rí. Nígbà tí iná ta, ìyá rẹ fi aṣọ ìró rẹ̀ pa á lágbọ̀n mi, èmi sì jágbe mọ́ ọn lójú aládùúgbò pé òun ló da iṣẹ́ mi rú. Ariwo tó ní òun ò lè gbénú ẹ̀ yẹn, ẹnu mi ni.