Òpó Ẹ̀yìn Ilé Màmá

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ò pa ọ́ lára? Èmi náà wà láàyè, orúnkún mi nìkan ló ń bá mi jà. Lẹ́tà ni mo kọ nítorí pé tí mo bá pè ọ́, wàá já lu ọ̀rọ̀ mi kí n tó sọ ọ́ dé ìdajì.

Ọ̀rọ̀ ilé tó o kọ́ fún Màmá ni. Wọ́n ní ògiri yàrá àwọn ń sán, ni èmi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ mi bá kó irinṣẹ́ tí a fi ń yẹ ilé wò lọ. A gbẹ́ kọnkéré díẹ̀ nínú òpó kọ̀ọ̀kan, a gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń tẹ nǹkan títí yóò fi fọ́ níbi iṣẹ́ wa. Ti àwọn òpó iwájú fara dà á dáadáa. Ti ẹ̀yìn, níbi tí Màmá ń sùn, kò pẹ́ rárá tó fi rún wómúwómú. Mo ní kí wọ́n tún un ṣe, bákan náà ló rí.

Ilé kan náà, bíríkìlà kan náà, sìmẹ́ńtì kan náà. Mo lọ bá bíríkìlà, ó sì sọ òótọ́ fún mi. Ó ní nígbà tí iṣẹ́ dé ẹ̀yìn lo kó irin ńlá dé, o ní dandan ni kí wọ́n fi sínú bíìmù tó dábùú lórí àwọn òpó náà, pé Màmá ò gbọdọ̀ gbé lábẹ́ irin tín-ín-rín. Òkè, láàárín irin bíìmù yẹn, ni wọ́n ti ń da kọnkéré sínú òpó. Irin wá fún mọ́ra, kọnkéré ò ráyè kọjá, ni wọ́n bá bu omi sí i kó lè ṣàn. Omi yẹn ló pa agbára rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ìfẹ́ lo fi ṣe é. Ṣùgbọ́n àṣejù, baba àṣetẹ́ ni. Bí ẹrù bá wúwo jù, bíìmù ló yẹ kó kọ́kọ́ tẹ̀, kí ará ilé rí i, kí wọ́n sá jáde. Ìwọ ti fún bíìmù lágbára ju òpó lọ, òpó ni yóò kọ́kọ́ dá. Òpó kì í kìlọ̀.

Mo bẹ Màmá kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ mi, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Mo bínú, mo tiẹ̀ pè wọ́n ní olórí kunkun, kí wọ́n foríjì mí. Wọ́n kàn rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní: “Ilé tí ọmọ mi, ọkọ mi, kọ́ fún mi, kí n sá fún un? Ojú wo ló máa fi wo ara rẹ̀?” Nítorí tìrẹ ni wọ́n ṣe ń sùn níbẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, àbúrò mi. Bí fóònù bá ti dún, àyà mi á já.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. A lè fi irin àti kọnkéré tuntun wé àwọn òpó náà, ilé ò tíì bàjẹ́ tán. Ṣùgbọ́n a ò lè fọwọ́ kàn án nígbà tí ènìyàn ń gbé inú rẹ̀. Pe Màmá, kó o ní kí wọ́n jáde. Sọ fún wọn pé kò dùn ọ́. Bó bá tiẹ̀ dùn ọ́, parọ́.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ lọ, á ṣọ́ ọ bọ̀. Màmá á pẹ́ fún wa, wàá sì fi ọwọ́ ara rẹ ṣí ilẹ̀kùn ilé tó le fún wọn.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin, tó pọ̀n ọ́ títí ẹ̀yìn fi ń dùn ún.

Àfikún: Mo yà lọ́dọ̀ Màmá kí n tó lẹ lẹ́tà yìí. Wọ́n ti di ẹrù wọn, wọ́n tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọn ò mọ̀ pé mo rí i. Ẹnu rẹ ni wọ́n ń dúró dè.