Àpò kan fún ẹ̀gẹ́ mẹ́ta

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹrin

Inú ń bí mi gidigidi bí mo ti ń kọ èyí.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni Rọfíátù, ọmọ ọmọ mi, fi sá ẹ̀gẹ́ fún ìwádìí tí yóò fi jáde ní yunifásítì. Ó pín in sí mẹ́ta, ó sá ọ̀kan sórí àpáta ẹ̀yìnkùlé bí a ti ń ṣe, ọ̀kan sórí ọ̀rá dúdú, ọ̀kan sínú àpótí onígíláàsì tí òun fúnra rẹ̀ kàn. Ojoojúmọ́ ló ń gbé wọn sórí ìwọ̀n, kí ó lè mọ èyí tó yá gbẹ jù. Èmi ni mo kọ nọ́mbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ọwọ́ mi yìí!

Òjò ṣú lónìí nígbà tí mo wà ní kíláàsì àwọn àgbà, níbi tí mo ti ń kọ́ ìwé. Ìyá Múfú, aládùúgbò wa, da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sínú àpò kan.

"Ìyá Múfú, ẹ ò rí nọ́mbà ni?" ni mo bi í.

"Mo rí i. Ṣé nọ́mbà la ó jẹ ni? Ẹ bá kúkú dúpẹ́ pé òjò ò pa á."

Rọfíátù ń ṣa ẹ̀gẹ́ náà wò bí ẹni ń wá ìyàtọ̀ lára ìbejì. Ọjọ́ mẹ́wàá ló kù kí ó gbé iṣẹ́ fún ọ̀gá rẹ̀.

Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ó ti dé ètè mi kí n tó rántí pé èmi ni mo ké sí Ìyá Múfú láàárọ̀ pé, "Bí òjò bá ṣú, ẹ bá wa kó ẹ̀gẹ́ o." N kò ní kí ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Mo sì mọ̀ pé kò mọ̀wé.

Ó ti ru ẹ̀gẹ́ tútù wá láti oko rẹ̀, kí Rọfíátù lè fi bẹ̀rẹ̀ lọ́tun. Mo gbà á, n kò kí i. Mo ti bó ìdajì. Ọ̀bẹ ò mú. Mo bínú sí ọ̀bẹ náà pẹ̀lú.