Ohun tí Bàbá Sọ Nínú Fíìmù Náà

Bassila, ìrọ̀lẹ́ Sátidé

Mo ti pa tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n ohùn Bàbá mi ò kúrò létí mi.

Mo máa ń wo àwọn fíìmù àtijọ́ tí wọ́n ń fi hàn ní Sátidé, nítorí aṣọ àti irun àwọn èèyàn ìgbà yẹn. Lónìí, Manigri, ìlú wa, ni wọ́n fi hàn. Àfi bí mo ṣe rí Bàbá láàárín ebè iṣu, irun rẹ̀ ṣì dúdú. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Bàbá Ràímì, dúró tì í, ó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí Faransé fún àwọn àlejò tó wá gba ilẹ̀.

Bàbá ní, “Sọ fún wọn pé mi ò ní kúrò. Ibí ni sàárè ìyá mi wà.”

Bàbá Ràímì yíjú sí wọn, ó ní Bàbá ti gbà, inú rẹ̀ sì dùn.

Faransé yẹn nìkan ni ọkọ mi gbọ́. Kò gbọ́ èdè wa. Ó ní, “Àṣé bàbá rẹ ló yọ̀ǹda ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀.”

Mo pe Bàbá Ràímì lórí fóònù. Mo bi í ìdí tó fi túmọ̀ ọ̀rọ̀ Bàbá bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Ọmọ mi, ó ti pẹ́. Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.” Kò tilẹ̀ sẹ́.

Iṣu tuntun tí mo fẹ́ gbé lọ fún un lọ́la ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá ló ní ká máa gbé e lọ lọ́dọọdún. Títí tó fi kú, ohun tó ń sọ ni pé Ràímì gbìyànjú, pé àwọn àlejò ni kò fẹ́ gbọ́.