Ta Ló Ní Ọ̀kadà Ni Mo Gùn?

Sátidé, 13 Oṣù Kọkànlá, 1993

Láti ìgbà tí òkè ti wà láyé, kò tíì sí ẹni tó sáré gùn ún bíi tèmi. Mi ò dúró, mi ò jókòó, atẹ́gùn gan-an ń bẹ̀ mí pé kí n dúró de òun.

Mo gba ọ̀nà orí òkè láti Iléṣà dé Ìpẹrindó, mo sì padà, ní wákàtí mẹ́ta àti ààbọ̀. Wákàtí mẹ́rin ni Bọ̀dá Délé, ẹ̀gbọ́n mi, fi èédú kọ sára ògiri ẹ̀yìnkùlé lọ́dún tó kọjá. Òun fúnra rẹ̀ ló wo aago fún mi. Mo ní kó pa tiẹ̀ rẹ́, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Ìwọ Káyọ̀dé? Ọ̀kadà lo gùn jàre. Ta ló rí ẹ lórí òkè?"

Ọ̀kadà wo ló ń gun àpáta? Àtẹ́lẹsẹ̀ mi méjèèjì ti bó! Ó ń jowú ni!

Ẹnì kan kúkú rí mi. Ìyá àgbà kan ń sun iṣu lóko wọn lókè lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n mi ò lè mú Bọ̀dá Délé lọ bá wọn, torí mo ti búra pé mi ò jókòó. Irọ́ nìyẹn. Mo jókòó ti màmá yẹn, mo jẹ iṣu wọn, mo tún tòògbé díẹ̀.